Kí ẹ tó fi ẹni yín sí ilé ìtọ́jú aláàbọ̀ ara: ìwé tí ẹ máa béèrè, ohun tí ẹ máa wò

Tí ẹ bá dé ilé kan ní Bẹ̀nẹ̀ níbí tí wọ́n ti ń gba àwọn aláàbọ̀ ara sílé, tí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n na ìwé kan sí yín tó ní òǹtẹ̀ ìjọba, tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè rẹ̀. Àwọn mìíràn ti fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ ògiri yàrá àlejò. Récépissé ni. Ẹ̀rí ni pé ẹgbẹ́ kan ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ akọrin lè gbà á, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta àgbàdo lè gbà á, ẹgbẹ́ ọmọ Kétu tó ń gbé Kútọnu náà lè gbà á. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba ọmọ ọlọ́mọ, tàbí àgbàlagbà tí kò lè dá dìde, kí ó máa sùn sábẹ́ òrùlé wọn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń dúró sí: wọ́n rí òǹtẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n sọ ẹrù ọmọ kalẹ̀, wọ́n bá ọ̀kadà zémíjàn padà sílé.

Iṣẹ́ assistante sociale, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwùjọ, ni mo ṣe jẹun. Ṣábẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Kétu ni mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà náà, Centre de Promotion Sociale ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì wa. Lónìí ó ti di Guichet Unique de Protection Sociale, GUPS. Àwọn ìyá ọjà ò yí ohùn padà ní tiwọn, "sósíà" ni wọ́n ń pè é. Tàntí ni wọ́n sì ń pe èmi náà títí di òní, wọ́n ṣì ń wá mi wá sílé: ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò lè jókòó, ọ̀dọ́kùnrin tí wárápá ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó wà l'Ékòó tí ojú bàbá rẹ̀ ti fọ́ ní Ìlárá tí kò sì sẹ́ni tó máa bu omi fún un mu. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: Tàntí, ilé wo ló dáa? N kì í dárúkọ ilé. Bí àwọn fúnra wọn yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò ni mo máa ń kọ́ wọn, torí ilé tó dáa lọ́dún tó kọjá lè bàjẹ́ lọ́dún yìí bí olùtọ́jú méjì péré bá fibẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni náà léèrè

Kó tó kan ìwé, kó tó kan ilé, ẹ jókòó ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe àánú. Bẹ̀nẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara láti 2012, abala 19 rẹ̀ sì sọ pé aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé láàárín ìlú bí gbogbo ènìyàn, láti yan ibi tí yóò gbé àti ẹni tí wọn yóò jọ gbé. Òfin tiwa náà wà nílẹ̀, òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, tó dá lórí ààbò àti ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní orílẹ̀-èdè yìí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa, kì í ṣe ilé ìtọ́jú ló kù. Kẹ̀kẹ́ ló kù, tàbí oògùn tí kò gbọdọ̀ tán, tàbí ẹnì kan tó máa jókòó ti ọmọ náà kí ìyá rẹ̀ lè ráyè dé ọjà. Ẹ gbé ìwọ̀nyí lọ sí GUPS ìlú yín ná. Bí ọ̀rọ̀ bá yanjú níbẹ̀, ẹ ò nílò ìyókù ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ìwé

Bí ẹni náà kò bá tíì pé ọdún 18, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà. Ilé tó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé ni ìjọba ń pè ní Centre d'Accueil et de Protection d'Enfants, CAPE, àṣẹ ìjọba kan sì ti wà láti 2012 tó sọ ìwọ̀n tí irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá. Lẹ́yìn náà ni òfin àwọn ọmọdé, Code de l'enfant, òfin 2015-08, dé. Ọ̀rọ̀ fífi ọmọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹbí àti ọ̀gá ilé máa parí láàárín ara wọn lórí àga. Òṣìṣẹ́ sósíà gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ ilé ọmọ náà, adájọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé sì wà fún un. Ní tiwa ní Kétu, Pobẹ ni ilé ẹjọ́ náà wà. Ilé tó bá ní kí ẹ gbé ọmọ wá lọ́la, tí kò sì bi yín léèrè ìwé kankan láti sósíà, ẹ yẹra fún un, ì báà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni.

Fún ọmọdé tàbí àgbàlagbà, ìwé tí ẹ máa béèrè ni ìwé àṣẹ tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwùjọ fún ilé náà láti gba ènìyàn sílé. Ẹ má kàn wo òǹtẹ̀, ẹ kà á. Ta ló fọwọ́ sí i? Nọ́ńbà wo ló wà lórí rẹ̀? Ọjọ́ wo? Ṣé orúkọ ilé yìí gan-an ló wà níbẹ̀, ṣé àdúgbò yìí sì ni? Mo ti rí ìwé tí wọ́n gbà fún ilé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ilé mìíràn tó jìnnà síbẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kan náà ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò rí ni. Ẹ wò ó bóyá ọmọdé ni ìwé náà sọ tàbí àgbàlagbà, ẹ wò ó bóyá ó sọ iye ènìyàn tí wọ́n lè gbà, kí ẹ wá ka bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n bá mú yín yí ilé ká.

Bí wọ́n bá tún ń fúnni lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń yí oògùn padà, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ilé ìwòsàn, ìwé ti ọ̀rọ̀ àwùjọ nìkan kò tó wọn. Iṣẹ́ ìwòsàn ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera. Ẹ béèrè orúkọ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó o, àti ọjọ́ tí onítọ̀hún máa ń wá.

Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ ìwé náà sínú ìwé tiyín. Ẹ gbé e lọ sí GUPS, tàbí sí Direction Départementale des Affaires Sociales et de la Microfinance, ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ àwùjọ tó wà fún agbègbè yín, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó bóyá àwọn mọ ilé náà. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè yìí. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ ilé náà máa sọ ju nọ́ńbà lọ fún yín bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè. Bí ó bá sì dákẹ́ tó ń wo ilẹ̀, ìyẹn náà lè sọ nǹkan fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó fẹ́ dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé inú rere ló ń ti ọ̀pọ̀ yín. Ẹ lọ sí sósíà kí ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n máa fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí owó máa ti wá lẹ́yìn tí ti ọlọ́rẹ àkọ́kọ́ bá tán, irú ilé tó jẹ́, àti àwọn tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ gba casier judiciaire, ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbà síṣẹ́, títí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, títí kan ẹni tó ń ṣọ́nà. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti ríbi fọwọ́ kan ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, iṣẹ́ alẹ́ ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé náà

Ẹ lọ nígbà méjì. Èkínní, kí ẹ pè wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbá ilẹ̀, kí wọ́n wọṣọ. Ìkejì, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ nígbà tí àgogo méjìlá ọ̀sán bá kù díẹ̀, tàbí ní ọjọ́ ọjà tí wọ́n rò pé gbogbo ayé wà lọ́jà. Ilé tó bá ní òun kì í gba àlejò àfi lọ́jọ́ kan lóṣù, tí kò sì rí ìdí gúnmọ́ kan sọ fún yín, kò yẹ kí ẹ fi ẹni yín síbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan jáde ní 2012, QualityRights ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní kí àwọn tó ń yẹ ilé wò gbà: kí wọ́n bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ojú ara wọn wò, kí wọ́n ka ìwé ilé náà. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà lọ́wọ́ ẹbí náà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, kì í ṣe láti yàrá àlejò. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ṣé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọ ibẹ̀, ṣé ìlẹ̀kùn wà tó lè pa dé, ṣé omi wà? Ẹ wo ilé ìdáná ní ọ̀sán yẹn gan-an. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀wà àti gàrí ni wọ́n ń sè, ẹ wo ìwọ̀n ìkòkò, kí ẹ wo iye ẹnu. Ẹ béèrè bí ẹni tí kò lè gbé síbí sẹ́nu ṣe ń jẹun, ta ló ń fún un, ṣé wọ́n máa ń gbé e jókòó. Ẹni tí wọ́n bá ń fún lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti ẹni tí kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ béèrè ẹni tó ń yí i padà àti ìgbà tó ń yí i. Wákàtí méjì méjì ni wọ́n kọ́ wa, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Egbò ibẹ̀ kì í purọ́. Ẹnu ọ̀gá ilé lè dùn bí oyin, ara ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ló máa sọ òótọ́ fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, alẹ́. Alẹ́ ni ilé ìtọ́jú ti ń hàn bó ṣe rí. Ẹ béèrè: ta ló ń sùn síbí? Ènìyàn mélòó ló ń ṣọ́, ènìyàn mélòó ni wọ́n ń ṣọ́? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ilé kan wà tí mo bẹ̀ wò nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé rẹ̀ pé pérépéré, ògiri rẹ̀ ń dán, àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Mo ní kí ìyá tó ń ṣọ́ wọn lóru fi bó ṣe máa kó gbogbo wọn jáde bí iná bá sọ hàn mí. Ó dúró, kò sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá kì í gbé ọwọ́ rẹ̀ mọ́jú; ọ̀gá ló ń mú un lọ sílé, ìkọjá odò sì ni ilé ọ̀gá wà. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Ìyá yẹn ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó bi í ni. A ò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀gá fi ṣe kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún un. Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ alẹ́ ní ìbéèrè yìí, ẹ má bi ọ̀gá, kí ẹ sì wò ó bóyá ó mọ̀ pé 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé oògùn hàn yín. Orúkọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé tirẹ̀: oògùn wo, ìwọ̀n wo, àkókò wo, ta ló fún un. Tí yíǹkì kan náà àti ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà bá kún oṣù kan gbáko láìsí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí wárápá ń gbé. Ẹni tó ń lo phénobarbital, oògùn wárápá, bí oògùn náà bá tán lójijì, gìrì lè bẹ̀rẹ̀ kó má dáwọ́ dúró, ó sì lè pa á. Torí náà, ẹ béèrè: oògùn tó máa tó ọjọ́ mélòó ló wà nílẹ̀ lónìí? Kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹ rí i.

Ẹ béèrè bí wọ́n ti ń ṣe bí ẹnì kan bá ń bínú, tó ń pariwo, tó ń fọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, ẹ má já lu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tó wà níbẹ̀. Okùn máa ń fi àpá sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà máa ń fi àpá sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa ni Grégoire Ahongbonon tó ti ń já ẹ̀wọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn tí orí wọn dàrú, láti Bouaké ní Côte d'Ivoire títí dé ìhín. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé láìsí ẹ̀wọ̀n kò ṣeé ṣe. Ilé àdúrà tó ń so ènìyàn mọ́ igi kì í ṣe ilé ìtọ́jú, ẹni yòówù kó jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: ẹ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbébẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí olùtọ́jú kankan kò ti ní gbọ́. Lábẹ́ igi, ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ibikíbi. Ẹ kí i dáadáa, ẹ pe àgbà ní àgbà. Afọ́jú ni tàbí arọ, ó ní ìdílé, ó ní oríkì, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ẹ má bi í pé "ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?", torí "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ. Ẹ bi í nípa ohun tó jẹ lánàá, aago tí wọ́n ń sùn, ẹni tó ń wẹ̀ fún un, ìgbà tó jáde lọ sí ìlú kẹ́yìn, ẹni tó máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Bí ó bá jẹ́ adití, ẹ má fi òṣìṣẹ́ ilé náà ṣe ògbufọ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè ọwọ́. Ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Louho, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Bí ẹni náà kò bá lè sọ̀rọ̀ rárá, ẹ wo ara rẹ̀ nígbà tí olùtọ́jú bá súnmọ́ ọn: ṣé ó rẹ́rìn-ín, àbí ó ká ara rẹ̀ kò?

Ta ló ń ṣọ́ ilé náà?

Abala 16 nínú àdéhùn tí mo dárúkọ lókè ní kí àwọn aláṣẹ tó dá dúró máa mójú tó gbogbo ibi tí a dá sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, kí wọ́n má baà lò wọ́n nílòkulò tàbí fìyà jẹ wọ́n. Nítorí náà, ẹ bi ọ̀gá ilé náà: ìgbà wo ni sósíà wá síbí kẹ́yìn? Kí ni wọ́n ní kí ẹ tún ṣe, ṣé ẹ ti ṣe é? Ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n fọwọ́ sí hàn yín. Ọ̀gá tó bá ní wọ́n wá, wọ́n bínú nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun sì ti kọ́ tuntun, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó ní wọn kò rí àléébù kankan lọ.

Àmọ́ òṣìṣẹ́ sósíà kò pọ̀, ọ̀nà jìn, mọ́tò máa ń bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ti jókòó de epo rí. Ìjọba nìkan kò lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo tó ń wò. Ẹ̀yin ẹbí ni ojú kejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi èyí sínú ìwé kí ọjọ́ tí ẹ máa fi í sílẹ̀ tó pé. Ìwé àdéhùn náà kò ní láti le. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí: iye owó àti ohun tí owó náà bò, owó tó máa wà lọ́wọ́ ẹni yín fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n máa pè bí ó bá ṣàìsàn, pé ẹ lè wá nígbàkúùgbà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án láìkọ́kọ́ pè, pé ó lè pè yín lórí fóònù láìsí ẹni tó dúró tì í, pé ó lè padà sílé nígbà tó bá fẹ́. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo sèfá tí ẹ bá san.

Lẹ́yìn náà, kí ẹbí pín ìbẹ̀wò. Kì í ṣe ìyá nìkan. Kí ẹ̀gbọ́n lọ lóṣù yìí, kí àbúrò lọ lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹni tó wà l'Ékòó máa pè lórí fóònù. Bí ìdílé bá jìnnà, ẹ bẹ ẹnì kan nítòsí, olùkọ́ tàbí ìyá ìjọ, kó máa yà síbẹ̀. Ẹ mú un wálé fún ọdún, fún ìsìnkú, fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, gbogbo ìlú ń rí ara rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì mọ̀ pé wọ́n ń rí i.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ yà á sọ́tọ̀. Àléébù oúnjẹ tàbí ìmọ́tótó, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ gbé ẹ̀dà yẹn lọ sí GUPS. Ṣùgbọ́n lílù, ìfipábánilòpọ̀, fífi ẹ̀wọ̀n deni, ebi tó ti sọ ara di egungun, ẹ má kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ẹ gbé ẹni yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gba certificat médical, ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ dókítà, kí ẹ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Bí ìfipábánilòpọ̀ bá ni, ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀ kí dókítà tó rí i. Fún ọmọdé, nọ́ńbà 138 wà tí ẹ lè pè. Commission Béninoise des Droits de l'Homme, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Bẹ̀nẹ̀, náà máa ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú.

Àwọn kan á wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí, pé ọ̀gá náà ń ṣe rere fún ìlú. Ẹ rántí àwọn tó kù nínú ilé yẹn tí kò ní ẹbí tó máa wá wò wọ́n.

Bí ìjọba bá sì ti ilé náà pa, iṣẹ́ kò tíì tán, ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ ń dojú rú jù. Wọ́n á ti géètì, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ẹ ó rí ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń gbébẹ̀ tó ń tọrọ báárà níbùdókọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, kí ẹ béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ àti ẹni tó ń gbà wọ́n. Kí ìwé ìtọ́jú kálukú bá a lọ, àti ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó bá ní. Kí wọ́n sì kó oògùn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ti géètì yẹn.